Afárá Akashi Kaikyo: ẹ wo gíláàsì, àmọ́ ẹ má gbàgbé wáyà

Ẹ̀yin tọ́nà yín bá já sí Kobe ní Japan, ẹ má kàn ya fọ́tò afárá Akashi Kaikyo látòkèèrè kẹ́ ẹ máa lọ o. Ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè ní Maiko, kò jìnnà rárá, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ gòkè lọ síbi tí wọ́n ń pè ní Maiko Marine Promenade, abẹ́ títì tí mọ́tò ń gbà gan-an ló wà, ó fi mítà 47 ga ju òkun lọ. Gíláàsì lẹ máa tẹ̀ níbì kan, kẹ́ ẹ máa wo omi lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu látilé, orúnkún mi ń gbọ̀n, ọmọ kékeré kan sì ń fò sókè fò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí bíi wèrè.

Àmọ́ ká sòótọ́, gíláàsì yẹn kọ́ ló gba àfiyèsí mi jù. Nísàlẹ̀ létí afárá náà, ilé kan wà tí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ibẹ̀ ni mo ti rí okùn irin tó gbé afárá ró, wọ́n gé e kéèyàn lè rí inú ẹ̀. Àṣé kì í ṣe irin gbọọrọ kan, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ 36,830 ni wọ́n dì pọ̀ tó fi fẹ̀ ju mítà kan lọ! Wáyà kan ò nípọn tó bírò, mílímítà 5.23 péré, mo wá fi fóònù ṣírò ẹ̀, ó máa gbé bíi tọ́ọ̀nù 3.9 kó tó já, dáńfó òfìfo méjì nìyẹn.

Wọn ò lè máa ri òpó púpọ̀ sínú omi bíi ti Third Mainland wa, ọkọ̀ òkun ńláńlá ló ń gbabẹ̀ kọjá, omi yẹn jìn, ó tún ń sáré. Mítà 1,991 ló wà láàárín òpó méjèèjì (1,990 ni wọ́n pète, ilẹ̀ ríri tó ba Kobe jẹ́ ní January 1995 ló ti òpó jìnnà síra). Tó bá jẹ́ wáyà àtijọ́ ni, okùn mẹ́rin ni wọn ì bá lò, okùn ọ̀hún á wá wúwo débi pé ara ẹ̀ gan-an lá máa gbé kiri. Làwọn tó ń rọ irin bá fi kún silicon inú ẹ̀, ìyẹn èròjà kan tó ń mú irin lágbára sí i, agbára tó jẹ́ kílò 160 lórí mílímítà onígun mẹ́rin kan di 180, okùn méjì bá tó. Wọ́n tún ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbẹ sínú okùn náà kó má bàa dípẹtà, àwọn èèyàn yìí ò ṣeré rárá.

Lóòótọ́, òun ni àárín òpó ẹ̀ gùn jù láyé tẹ́lẹ̀, afárá kan ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì ti gbadé lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2022 pẹ̀lú mítà 2,023, kò kàn mí. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un jàre. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun òpó ẹ̀ dé mítà 289, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, èmi ò mọ̀, ìsàlẹ̀ ni mo wà tí mò ń na ọrùn. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì dání o, atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fìlà mi lọ.