Lexus ES 330, Lexus ES 350 àti Mercedes-Benz E350: Ìtọ́jú Tí Mọ́tò Tó Dàgbà Ṣùgbọ́n Tí Kò Rìn Púpọ̀ Ń Fẹ́

Bí ẹnì kan bá sọ ní Abẹ́òkúta pé òun rí Lexus ọdún 2006 tí òǹkà rẹ̀ kò tíì ju 60,000 máìlì lọ, ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wí ni pé kó yára sanwó kí ẹlòmíràn tó gbé e lọ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó fara balẹ̀. Máìlì ń sọ bí irin inú ẹ́ńjìnnì ṣe jẹ tó. Kò sọ ohunkóhun nípa rọ́bà, ike, omi bíréèkì àti ọ́ìlì, nítorí pé bí mọ́tò ń rìn ni wọ́n ń gbó, bó sì dúró sójú kan lábẹ́ oòrùn, wọ́n ṣì ń gbó. Mọ́tò tó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ orí rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣírò ìtọ́jú rẹ̀, kí máìlì tẹ̀lé e.

Mọ́tò mẹ́ta ni mo mú láti fi wé ara wọn: Lexus ES 330 tó jáde láti ọdún 2004 sí 2006, Lexus ES 350 tó rọ́pò rẹ̀ ní 2007, àti Mercedes-Benz E350 ti ìran W211, èyí tí wọ́n ń pè ní ọdún 2006 sí 2009. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò, gíà wọn sì ń yí ara rẹ̀ padà. Ẹni tó bá wò wọ́n láti ìta lè rò pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n owó tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín ní ọdún àkọ́kọ́ kò sún mọ́ra rárá.

Ibi tí mọ́tò ti ń sùn ti ń jí

Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè ibi tí mọ́tò náà wà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Tòkunbọ̀ tó wá láti apá ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ti rìn lórí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì lásìkò òtútù, iyọ̀ yìí a sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ àti páìpù tó ń gbé omi bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sókè, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ fúnra yín.

Èyí tó dàgbà sọ́dọ̀ wa níhìn-ín, tí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ń gbé jáde fún òde ọjọ́ Sátidé, fún ìsìn àti fún Ọjọ́ Lísàbí nìkan, kì í ní ìpata bẹ́ẹ̀. Ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀. Ìrìn láti Ìbarà dé Òkè-Ìlèwó kò tó kí ẹ́ńjìnnì gbóná dénú, nítorí náà omi àti bẹntiróòlù tó yọ́ wọnú ọ́ìlì kì í ráyè gbẹ kúrò, ọ́ìlì ọ̀hún á sì máa di ẹrẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bátìrì kì í kún, epo inú táǹkì ń gbó, eku sì lè ti gé wáyà jẹ. Ẹ ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ yí i padà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: bí ohun dúdú tó ki bá lẹ̀ mọ́ ọn, tí ìka yín kò lè tètè nù ún kúrò, máìlì kékeré tí wọ́n ń fi yín lọ́kàn balẹ̀ kò ṣe ẹ́ńjìnnì náà láǹfààní kankan.

Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni òǹkà náà ń sọ. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Amẹ́ríkà ń rìn ju 10,000 máìlì lọ lọ́dún, nítorí náà 60,000 fún mọ́tò tó ti tó ogún ọdún ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Rọ́bà tó wà lórí ẹsẹ̀ bíréèkì, etí àga awakọ̀ níbi tí ìdí ti ń gbá a wọlé, àti awọ ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ni kí ẹ fi wádìí. Bí tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà bá ni, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní VIN lè gba àkọsílẹ̀ ìtàn mọ́tò náà jáde lọ́dọ̀ Carfax, iye máìlì tó wà nígbà tí wọ́n tà á sì lè wà níbẹ̀.

Bẹ́líìtì àti ṣéènì

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ àwọn mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jinlẹ̀ jù.

ES 330 ń lo taimin bẹ́líìtì, èyí tó ń jẹ́ kí fáàfù ẹ́ńjìnnì máa ṣí kó sì máa pa dé lásìkò, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bó bá di 90,000 máìlì. Ẹni tó ń tà á yóò sọ fún yín pé 60,000 ló rìn, pé ó ṣì ku 30,000. Ẹ má gbà á. Rọ́bà ni bẹ́líìtì náà, bó bá sì ti pé ogún ọdún, ó lè já láìsí ìkìlọ̀ kankan. Bó bá já nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, písítìnì lè kọlu fáàfù, kí ẹ́ńjìnnì sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe kékeré. Bí kò bá sí rísíìtì tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbà pé èyí tó bá a dé ni, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú páńpù omi, nítorí bẹ́líìtì kan náà ló ń yí páńpù, iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ kan náà ni ẹ ó sì san owó rẹ̀. Tuntun ni kí ẹ rà. Ẹ má ṣe gba Bẹ́ljíọ̀mù fún ohunkóhun tó bá jẹ́ rọ́bà.

ES 350 ń lo ṣéènì irin dípò bẹ́líìtì, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n dá fún pípààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí ọjọ́ orí ń bàjẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì yìí ni páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń darí fáàfù, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí bẹ́líìtì ìta wà. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, rọ́bà ni àárín páìpù náà. Bí rọ́bà yẹn bá bẹ́, ọ́ìlì lè tán nínú ẹ́ńjìnnì kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Toyota ti ṣe páìpù tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín fọwọ́ kàn án: bó bá jẹ́ irin tààrà, ó ti parí, bí rọ́bà bá wà láàárín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé mọ́tò náà rin ọ̀nà Ìbàdàn.

E350 náà ń lo ṣéènì, ìyẹn sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹ́ńjìnnì M272 tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀pá kan tí ń jẹ́ kó má gbọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní balance shaft. Eyín jíà tó wà lẹ́nu ọ̀pá yìí nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò lágbára tó. Bó ṣe ń jẹ ni ìtò fáàfù ẹ́ńjìnnì ń yẹ̀, títí iná ẹ́ńjìnnì yóò fi tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú mọ́tò kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wọn parí sí iye tó kéré sí 468993 ni ọ̀ràn yìí kàn. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé máìlì kékeré kò wẹ mọ́tò yìí mọ́. Èyí tó rìn 50,000 lè jẹ́ pé eyín rẹ̀ kò tíì jẹ débi tí iná yóò fi tàn, nígbà tó sì jẹ́ pé èyí tó rìn 130,000, tí wọ́n ti tún ṣe, tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́, ti bọ́ nínú ewu náà. Nínú méjèèjì, èyí tó rìn jù yẹn ni mo lè fi owó ara mi rà.

Bíréèkì

Ti Lexus méjèèjì kò ní àṣírí. Omi bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí omi bá sì ti pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè hó nígbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì léraléra ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ irú èyí tó pọ̀ nílùú wa, ẹsẹ̀ bíréèkì á sì wọlẹ̀ láìdá ọkọ̀ dúró. Ọdún méjì méjì ni Mercedes ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Lexus náà. Iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré ni.

E350 ọdún 2006 tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bíréèkì oníná tí wọ́n ń pè ní SBC ló ń lò: páńpù kan ló ń fi agbára tẹ bíréèkì fún awakọ̀, kọ̀ǹpútà sì ń ka iye ìgbà tó ti tẹ̀ ẹ́. Bí iye náà bá pé, ìkìlọ̀ yóò jáde, ó sì di dandan kí wọ́n pààrọ̀ páńpù ọ̀hún. Láti ọdún 2007 ni Mercedes ti yọ ọ́ kúrò lára E350, tí wọ́n sì padà sí bíréèkì tí gbogbo wa mọ̀. Ọdún kan péré ló wà láàárín 2006 àti 2007, ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ lo mọ́tò náà ní Abẹ́òkúta, ọdún kan yẹn tó nǹkan.

Ọ́ìlì, gíà, rọ́bà àti táyà

Bí ẹ bá ti ra èyíkéyìí nínú wọn, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún bí mọ́tò kò tilẹ̀ rìn. ES 330 ń gba ọ́ìlì tí kò pé lítà márùn-ún, ES 350 ń gba bíi lítà mẹ́fà, E350 ń gba bíi mẹ́jọ, ti E350 yìí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó sintẹ́tíìkì tí àmì MB 229.5 wà lára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ní ti gíà, ES 330 ń lo Toyota T-IV, ES 350 ń lo Toyota WS, E350 sì ń lo èyí tí Mercedes fọwọ́ sí fún gíà rẹ̀. ES 350 àti E350 kò ní ọ̀pá tí ẹ lè fà yọ láti fi wọn ọ́ìlì gíà. Ìgbà tó bá gbóná dé ìwọ̀n kan ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ẹ má ṣe fi lé ẹni tó ń fi ojú wọn ọ́ìlì lọ́wọ́.

Rọ́bà omi rédíétọ̀ tó ti dàgbà máa ń gan bí pọ̀nmọ́ tí a kò rẹ sómi. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bó bá ń dún wẹ́wẹ́ nínú, tàbí tí ẹ bá rí ìlà wíwẹ́wẹ́ lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo bẹ́líìtì ìta àti rọ́bà ìjókòó ẹ́ńjìnnì bákan náà.

Táyà ni mo rí tó ń tan àwọn òǹrajà jẹ jù, nítorí pé eyín táyà mọ́tò tí kò rìn ṣì máa ń ga. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lára rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Èyí tó bá ti ju ọdún mẹ́fà lọ, ẹ má ṣe gbé e sáré lọ sí Ṣàgámù, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó.

Ẹni tó bá fẹ́ ES 350 gbọ́dọ̀ fi VIN yẹ àpò afẹ́fẹ́ (airbag) iwájú wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú ewé NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú títì ní Amẹ́ríkà. ES 350 ọdún 2007 sí 2012 wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe àpò afẹ́fẹ́ fún, tí wọ́n sì ní kí wọ́n dá padà fún àtúnṣe, nítorí pé ooru, ọ̀rinrin àti ọjọ́ orí ń ba ohun tó ń fẹ́ àpò náà jẹ́, tó fi lè bú gbàù kó sì fọ́n irin sí ẹni tó jókòó. Ooru àti ọ̀rinrin kò wọ́n lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn ES 350 àkọ́kọ́ tún máa ń yọ́ nínú oòrùn kó sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, àmọ́ ìyẹn kò dá ìrìn dúró.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ náwó lé lórí kíákíá náà wà. Plọ́ọ̀gì irídíọ̀mù Lexus lè rìn tó 120,000 máìlì, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì kò bá ń gbọ̀n. Ṣọ́kì tí ọ́ìlì kò jò lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò nílùú yìí

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á má tan án kí ẹ tó dé, kí ẹ sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá ó tutù. Ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ń ta jí. Ẹ gbé e gun òkè apá Ìkijà lẹ́bàá Olúmọ láti mọ̀ bóyá gíà ń já tàbí ó ń lọ́ra, kí ẹ wá tan éésì nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Kútọ̀, kí ẹ máa wo ọwọ́ ìwọ̀n ooru. Ti E350, ẹ mú ẹni tó ní kọ̀ǹpútà Mercedes gan-an dání, nítorí kọ̀ǹpútà lásán lè má rí ohun tó wà nínú SBC.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró níwájú mi lọ́jọ́ kan náà, ES 350 ọdún 2009 tàbí 2010 tí páìpù ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ irin, tí ọ̀ràn àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ti yanjú, ni màá mú. Ẹ́ńjìnnì kan náà wà nínú Camry, Highlander àti Sienna, àwọn mẹkáníìkì wa sì mọ̀ ọ́n dáadáa. ES 330 tẹ̀lé e, bí ẹ bá yọ owó bẹ́líìtì àti páńpù omi kúrò nínú owó tí ẹ ó san. E350 ṣeé rà fún ẹni tó bá rí ti 2007 sókè, tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju 468993 lọ, tó sì múra tán láti máa ránni lọ sí Èkó láti ra ẹ̀yà ara mọ́tò. Bí ẹni tó ń tà á kò bá sì jẹ́ kí mẹkáníìkì yín ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa lọ.