Àyẹ̀wò jíìnì tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi itọ́ ṣe: ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, pàápàá ẹ̀yin tí àrùn ọkàn wà nínú ìdílé yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. £149 ni ilé iṣẹ́ tó ta àyẹ̀wò yìí gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Wọ́n ní àwọn á yẹ jíìnì tó ń darí inflammation wò, ìyẹn bí ara ṣe máa ń gbóná tó sì máa ń wú tó bá ń bá àrùn tàbí ọgbẹ́ jà. Wọ́n ní látibẹ̀ làwọn á ti mọ̀ bóyá a máa sanra jù, àti bóyá ewu ń bẹ fún ọkàn wa. Àrùn ọkàn ló pa bàbá wa, a ò sì fọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Páálí náà tètè dé, ìlànà inú rẹ̀ sì yéni. Ẹ ò ní jẹ, ẹ ò ní mu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ó wá máa tutọ́ sínú ike tóóró kan títí á fi dé ojú ìlà. Ìfófòó orí rẹ̀ ò sí nínú kíkà, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Tí ẹ bá ti dé e, omi kan á já látinú ọmọrí sínú itọ́ náà kó má bàa bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Mi ò rí nǹkan bù kù níbẹ̀.

Èsì ló bí mi nínú. Wọ́n fi pupa kun jíìnì IL6 (òun ló ń jẹ́ kí ara ṣe èròjà IL-6 tó ń ru inflammation sókè) fún àwa méjèèjì, wọ́n ní lẹ́tà G méjì la ní níbẹ̀, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá, pé ewu wa ga. Ẹ gbọ́ ná: àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tí HapMap, iṣẹ́ ìwádìí tó fi jíìnì àwọn èèyàn láti ibi púpọ̀ láyé wéra, yẹ jíìnì wọn wò, èsì rẹ̀ sì ti jáde láti 2005. Ó ti hàn gbangba pé gbogbo wa la fẹ́rẹ̀ẹ́ ní G yẹn. Àárín òyìnbó ni C, lẹ́tà kejì tó lè wà níbẹ̀, ti wọ́pọ̀. Ìyá àgbà tára wọn ṣì le koko n'Íjẹ̀bú á gba pupa, ẹni tí ọkàn ń dà láàmú náà á gbà á. Kí wá ni wọ́n fi ṣèyàtọ̀ fún wa?

Òótọ́ ni pé ọ̀rá ń bá ọkàn jà o. Ọ̀rá inú ikùn máa ń tú èròjà IL-6 àti TNF sínú ẹ̀jẹ̀. IL-6 á dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á máa ṣe CRP, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé inflammation wà lára, ara ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní 2017, ìwádìí CANTOS fún àwọn tí àìsàn ọkàn ti kọlù rí ní oògùn tó ń dín inflammation kù láìfọwọ́ kan kọlẹ́sítẹ́róò. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 10,061. Ìwọ̀n oògùn kan níbẹ̀ dín ìkọlù ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ àti ikú ọkàn kù ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Jíìnì náà ń kópa: ìwádìí 2012 fi hàn pé irú kan lára jíìnì IL6R, èyí tó ń ṣe ohun tí IL-6 ń so mọ́ kó tó lè ṣiṣẹ́, ń dín ewu àrùn ọkàn kù. IL6R yẹn gan-an ò sí nínú ohun tí wọ́n tà fún wa! Jíìnì CRP ni wọ́n fi síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwádìí ti fi hàn láti 2011 pé jíìnì tó ń gbé CRP sókè kì í fúnra rẹ̀ fa àrùn ọkàn. Ti jíìnì FTO tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani nípa ìsanra, nǹkan bíi kílò mẹ́ta ni ẹni tó ní méjì irú rẹ̀ tó ń fa ìsanra fi ń wúwo ju ẹni tí kò ní in lọ.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hs-CRP, tó ń wọn iye CRP inú ẹ̀jẹ̀, wúlò fún ẹ̀gbọ́n mi ju gbogbo ojú ewé wọn lọ. Tí kò bá tó 1 mg/L, ó dáa. Láti 1 sí 3, ó wà láàárín. Tó bá ju 3 lọ, ewu ga. Tó bá kọjá 10, ó lè jẹ́ eyín tàbí ọ̀fun ló ń yọni lẹ́nu, kí wọ́n tún un ṣe tí ara bá ti yá. Tiwọn lé ní 3. Mo sì fa téèpù yí ìbàdí wọn ká: 98 sẹ̀ǹtímítà, gíga wọn sì jẹ́ 160. Ó yẹ kí ìbàdí má tó ìdajì gíga, ìyẹn 80. Àwọn tó ta àyẹ̀wò yìí ò béèrè ìbàdí ẹnikẹ́ni. Wọn ò sì sọ pé fún àwa aláwọ̀ dúdú ní Ìlú Ọba, láti BMI (ìwọ̀n ìwúwo ara sí gíga) 27.5 ni wọ́n ti ń ka èèyàn sí ẹni tó sanra jù, kì í ṣe 30. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàárín 40 sí 74 ní England, NHS Health Check, àyẹ̀wò ìlera ti ìjọba, ọ̀fẹ́ ni.

Mo kọ̀wé béèrè iye ọmọ Áfíríkà tó wà nínú ìwádìí tí wọ́n gbé pupa yẹn lé. Ìpolówó kápúsù omega-3 ni wọ́n fi dá mi lóhùn, pẹ̀lú ẹ̀dínwó. Páálí àti ìlànà rẹ̀ ni mo fi ìràwọ̀ méjì yìí fún. Tí wọ́n bá tún ojú ewé IL6 ṣe fún aláwọ̀ dúdú, màá padà wá fi kún un.