Àsíá Nàìjíríà tó wà lọ́jà: èwo ló ṣeé fi yangàn?

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń tán lọ, tàbí tí ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, àsíá á kún ojú títì. Àwọn tó ń tajà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á di kékeré mọ́wọ́ bí ẹní di ìgbálẹ̀, wọ́n á fa èyí tó tóbi kọ́ èjìká. Kó tó di ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá, wọ́n ti padà sídìí omi tútù àti ìpápánu. Ọjà ọjọ́ kan ni, ẹni tó ṣe é sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò náwó sí i ju ohun tí ọjọ́ kan máa gbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ àsíá tí yóò máa fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú ilé tàbí ilé-ìwé jálẹ̀ ọdún ní láti mọ ohun tó ń yẹ̀ wò, torí ẹni tó ń tà á kò ní sọ.

Ká kọ́kọ́ mú kékeré onígi ike kúrò nílẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, oòrùn sì ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù. Tí ọmọ bá fì í fún wákàtí méjì lórí pápá, aṣọ á yọ, igi á kù lọ́wọ́. Ẹ fọwọ́ rán an lójú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó parí. Ẹ tún wo ṣóńṣó igi náà: èyí tí kò ní orí roboto lè gún ọmọ lójú. Fún ọjọ́ kan, kò sí àbùkù mìíràn lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń há mọ́ fèrèsé ọkọ̀ ni ká má rà rárá bí ẹ bá ń lọ ọ̀nà jíjìn. Lórí ọ̀nà márosẹ̀, ọrùn ike rẹ̀ ló ń kán, tí gbogbo rẹ̀ á sì fò lọ lu gíláàsì ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni pólísítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ àwọ̀ sí, ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5, tó ní òrùka irin méjì lápá ọ̀dọ̀ òpó. Òun ló pọ̀ jù lọ́jà. Àṣìṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n. Gígùn àsíá Nàìjíríà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀: tí gíga bá jẹ́ 3, gígùn á jẹ́ 6, kì í ṣe 5. Ìwọ̀n 3 sí 5 yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ aláṣíá ń lò fún orílẹ̀-èdè gbogbo, torí kí wọ́n má baà máa yí ẹ̀rọ padà nítorí tiwa nìkan. Ẹ ò nílò tépù láti dá a mọ̀. Ẹ ká àsíá sí méjì kí etí kan bá èkejì. Èyí tó péye á di onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Tó bá ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ bàtà kan mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ tún ka ìlà rẹ̀. Aṣọ funfun tó le, tó gbé òrùka irin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, máa ń fẹ̀ tó íǹṣì kan ó lé. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, àsíá ti di funfun, ewé, funfun, ewé. Ìlà mẹ́ta la ní, mẹ́rin ni wọ́n tà fún yín. Àwọn mìíràn tún tẹ àmì ọ̀pá àṣẹ orílẹ̀-èdè, ẹyẹ idì àti ẹṣin méjì, sáàárín funfun. Ó lè wuyì lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àsíá orílẹ̀-èdè mọ́. Funfun inú rẹ̀ mọ́ gedegbe ni, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀.

Ní ti àwọ̀, ẹ gbé e síta kẹ́ ẹ tó sanwó, torí iná inú ṣọ́ọ̀bù ń parọ́. Ewé rẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ́ jù bí ti ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kò sì gbọdọ̀ ṣú bíi ti ìgò. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ojú kan ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀, tí àwọ̀ á wọ inú lọ sí ìkejì. Tí ẹ̀yìn bá ṣì dà bíi pé wọ́n fi omi là á, àwọ̀ yẹn kò ní pẹ́ ṣá. Ohun kan tiẹ̀ wà tó yẹ ká dúpẹ́ lé lórí: iwájú àti ẹ̀yìn àsíá wa dọ́gba, kò sí ohun tó ń yí padà tí wọ́n bá tẹ ojú kan. Saudi Arabia kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ tó wà lára tiwọn gbọ́dọ̀ ṣeé kà dáadáa láti ojú méjèèjì, aṣọ méjì ni wọ́n sì máa ń gbé ẹ̀yìn kọra kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Àmì tó kẹ́yìn wà ní etí. Ẹ fi ìka ra á. Tó bá le gbagidi bí ike tó yọ́ tó tún dì, iná ni wọ́n fi gé e, kò ní ìṣẹ́tí. Ìpẹ̀kun tó jìnnà sí òpó ni atẹ́gùn máa ń nà bí ẹgba ní gbogbo ọjọ́, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Fún òrùka irin, ẹ mú òòfà kékeré dání lọ sọ́jà. Òòfà kì í gbé idẹ. Tó bá gbé e, irin tí wọ́n pa láwọ̀ idẹ ni, òjò bíi mélòó kan á sì mú kí ìpẹtà máa ṣàn sára funfun.

Ṣé àwọn tó ń rà á kò rí gbogbo èyí ni? Wọ́n rí i. Ohun tí wọ́n ń rà kì í ṣe aṣọ gan-an. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1996, nígbà tí Nàìjíríà na Ajẹntínà 3 sí 2 tó gba góòlù bọ́ọ̀lù Olímpíìkì, kò sẹ́ni tó dúró wọn gígùn àsíá kó tó fi bora. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré onídènà 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní Amẹ́ríkà, kò sí obìnrin tó sá a kíá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé títí di ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, ó dúró lórí pèpéle tomijétomijé, orí gbogbo wa sì wú. Ẹni tó ṣépè fún àwọn tó ń ṣèjọba láàárọ̀ nítorí iná lè fi àsíá kan náà bo èjìká lálẹ́, kò sì sí irọ́ nínú ìkankan. Ìjọba ló ni ọ́fíìsì, àwọn èèyàn ló ni àsíá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi gbé e lọ sí Lẹ́kí ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ń fẹ̀hónú hàn sí ìwà àwọn ọlọ́pàá. Àwọn tí wọ́n ń bínú sí ní in lórí òrùlé. Àwọn tó ń bínú ní in lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ló rí bẹ́ẹ̀. Nígbà ìwọ́de oṣù kẹjọ ọdún 2024, àsíá Rọ́ṣíà ni àwọn kan gbé jáde ní àwọn ìlú òkè Ọya, àwọn agbófinró sì kéde pé àwọn ti mú àwọn télọ̀ tó ń rán an ní Kánò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá orílẹ̀-èdè ṣì ń wú aráàlú lórí, kó lọ wo aṣọ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Tí télọ̀ bá ń bọ̀ lọ́rọ̀, tiwa ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù láti rán, ó sì ní bó ṣe jẹ́. Michael Taiwo Akinkunmi, tó ya àsíá náà fún ìdíje tí wọ́n fi wá àsíá orílẹ̀-èdè nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ya oòrùn pupa onítànṣán sáàárín funfun. Àwọn adájọ́ ìdíje náà yọ oòrùn kúrò, wọ́n fi ewé sílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, funfun fún àlàáfíà, wọ́n sì gbé e sókè ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960. Oòrùn tí wọ́n yọ yẹn ló sọ ọ́ di aṣọ mẹ́ta tí a rán pọ̀, tí télọ̀ àdúgbò lè parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbàdàn ni bàbá náà gbé títí tó fi dágbére fáyé ní ọdún 2023. Ẹni tó bá fẹ́ àsíá gidi, tí kì í ṣe ti ọjọ́ kan, kó lọ bá télọ̀.

Fún ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 6, ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 24 ní fífẹ̀ àti íǹṣì 36 ní gíga lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an tán. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ sí íǹṣì 38 ní gíga, kí íǹṣì kọ̀ọ̀kan lókè àti nísàlẹ̀ jẹ́ ti ìṣẹ́tí tí wọ́n á ká lẹ́ẹ̀mejì. Ní fífẹ̀, ewé ti ọ̀dọ̀ òpó á jẹ́ íǹṣì 26 àtààbọ̀: íǹṣì 2 fún ibi tí okùn máa gbà, ààbọ̀ fún ìránpọ̀. Funfun á jẹ́ 25. Ewé ti ìpẹ̀kun á jẹ́ 26 àtààbọ̀, torí pé ìṣẹ́tí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì kan tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mejì. Tí aṣọ bá fẹ̀ tó íǹṣì 45, ọ̀pá kan àtààbọ̀ ewé àti ọ̀pá kan funfun tó.

Irú aṣọ kan náà ni kẹ́ ẹ rà ní àwọ̀ méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á mú ewé pólísítà, wọ́n á mú funfun olówùú tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ìfọ̀ kejì, funfun á sún kì, ewé kò ní sún, àárín àsíá á wá ká jọ bí ìgbà tí wọ́n fa okùn ṣòkòtò. Kí télọ̀ tó gé e, ẹ rẹ igun ewé sínú omi, kẹ́ ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ àkísà funfun. Tó bá ràn, ẹ dá a padà. Òwú pólísítà ni kí wọ́n fi rán an, torí oòrùn a máa jẹ òwú lásán kó tó jẹ aṣọ. Níbi tí ewé ti pàdé funfun, kí wọ́n ká ẹnu aṣọ wọ inú ara wọn, kí wọ́n rán an lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìpẹ̀kun, ojú ìránṣọ mẹ́rin, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Télọ̀ tó bá ní méjì tó, ẹ rọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ dúró tì í.

Gígùn àsíá máa ń jẹ́ bí ìdá mẹ́rin gíga òpó. Ẹsẹ̀ bàtà 6 yẹ òpó 24. Lórí òpó 12, ẹsẹ̀ bàtà 3 tó. Èyí tó tóbi jù á máa lọ́ mọ́ òpó, á máa fara ya lára irin. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri, ẹ rántí pé ìlà rẹ̀ dìde dúró ni, kì í sùn. Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ máa ń fi òrùka irin rẹ̀ sókè kí aṣọ lè wálẹ̀ gbọọrọ, ìlà á wá sùn gbalaja lẹ́yìn olóyè tó ń sọ̀rọ̀.

Ọyẹ́ ni àkókò tó burú jù fún funfun. Omi tútù àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a síbi òjìji. Bíléèṣì á mú funfun mọ́ lóòótọ́, á sì ba ewé jẹ́. Òfin kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àsíá tó ti gbó tàbí tó ti ya sókè, abala 24 ìwé òfin ọdún 1999 sì ka bíbọlá fún un mọ́ ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ẹ wo òkè àwọn ilé-ìwé kan. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ọmọ tó bá ń kí àkísà lóròòwúrọ̀ mọ ohun tó ń kí.

Tí ìpẹ̀kun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ẹ má dúró kó dé funfun. Ẹ gé e lọ́gbọọgba, kẹ́ ẹ tún ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n lára àsíá wa, àtúnṣe yìí kì í pamọ́: ìlà ìpẹ̀kun á bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín ju ìkejì rẹ̀ lọ, ojú á sì rí i láti ìsàlẹ̀ òpó. Gígé kan ṣì ṣeé gbà mọ́ra. Tó bá ti di íǹṣì 2 tàbí 3, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ìwọ̀n òkè yìí padà lọ bá télọ̀.