Kọ́mú òkìríkà tí mo rà ní Yaba, àti bí téèpù ṣe tú àṣírí sáìsì mi

Ẹ̀yin ọlọ́yàn ńlá ẹgbẹ́ mi, ẹ súnmọ́ bí o, ọ̀rọ̀ tiwa rèé. Àtọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lábẹ́ yunifọ́ọ̀mù nígbà tí èmi ti ń jí kọ́mú ìyá mi wọ̀. Àwọn èèyàn á ní Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, wọn ò sọ pé èmi ni màá máa ru ọrẹ náà kiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ okùn kọ́mú á ti gbẹ́ kòtò sí mi léjìká, ẹ̀yìn ọrùn á máa ro mí bí ẹni tó ru búlọ́ọ̀kù, abẹ́ ọyàn á máa yún á tún máa ta, ooru Èkó kúkú ni, mo ti ká áńkáṣíìfù há abẹ́ ẹ̀ rí nínú dánfó. Ẹ má wulẹ̀ bi mí nípa káńpù NYSC. Kọ́mú méjì ni mò ń wọ̀ léra wọn kí n tó lè bá wọn sáré àárọ̀, síbẹ̀ àwọn kan á ṣì dúró máa wò mí bíi sinimá.

Gbogbo ìgbà yẹn, 40D ni mò ń wọ̀ o (nọ́ńbà yẹn ni ti báǹdì abẹ́ ọyàn, lẹ́tà yẹn ni bí ọyàn ṣe tóbi sí). Ṣọ́ọ̀bù kan báyìí tó ní ẹ́síì ni mo ti kọ́kọ́ rà á, ọmọ ibẹ̀ kàn fojú wọ̀n mí ni, ó ní "àǹtí, fọ́tì lẹ máa wọ̀", mo sanwó, ó parí. Ọdún mẹ́fà gbáko!

Ọ̀rẹ́ mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ màmá kan tó ń ta kọ́mú òkìríkà ní Yaba, orí tapólì ló tẹ́ ẹ sí. (Kọ́sítọ́ọ̀mù ní ká má kó àlòkù wọlé, gbogbo wa la sì mọ ọ̀nà tó ń gbà wọlé, ẹ jẹ́ á fìyẹn sílẹ̀.) Mo ní "ẹ kú ọjà mà, ẹ bá mi wo 40D". Màmá wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fa téèpù yọ lọ́rùn bíi télọ̀. "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ pé fọ́tì lo wà?" Ó wọn abẹ́ ọyàn, 34. Ó wọn orí ẹ̀ gangan níbi tó ti yọ jù, 42. Ó ní ìǹṣì mẹ́jọ ló wà láàárín méjèèjì, kí n máa kà á báwọn òyìnbó ìlú ọba ṣe ń kà á, ìǹṣì kan sí lẹ́tà kan: A, B, C, D, DD, E, F, FF. Èmi ni 34FF! Mo rò pé ẹni tó ń wọ FF ò ní lè wọ ẹnu ọ̀nà ni. Ó ní tí mo bá rí DDD lára ìkankan kí n mọ̀ pé ti Amẹ́ríkà nìyẹn, ìkà tiwọn yàtọ̀.

Ohun tó wá là mí lójú ni pé kì í ṣe okùn èjìká ló yẹ kó gbé ẹrù yẹn. Báǹdì tó yí ẹ̀yìn ká ló ni iṣẹ́. Tí báǹdì bá ti tóbi jù, á máa gun ẹ̀yìn lọ sókè, iwájú á sì máa wọ́ lọ sílẹ̀, èèyàn á wá máa fa okùn le títí táá fi gé èjìká. Ayé mi ló ń sọ yẹn. Ó ní kí n fi húùkù sí ojú tó dẹ̀ jù ní ìta, torí rọ́bà ń fà bó bá ṣe ń pẹ́, ìgbà tó bá fà la ó bọ́ sí ti inú. Kí n tẹ̀ba síwájú, kí n fọwọ́ kó gbogbo ọyàn wá láti abẹ́ apá, kí wáyà àárín sì sùn mọ́ eegun àyà.

Kọ́mú 34FF tí mo wá rà lọ́wọ́ màmá ò ní fóòmù rárá, aṣọ lásán tí wọ́n rán ní ẹ̀là mẹ́ta, okùn ẹ̀ fẹ̀, húùkù mẹ́ta ló wà lẹ́yìn. Kò rẹwà o, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi tíì tó ti tutù. ₦4,000, mo ná an títí, màmá ò gbà.

Ó ti tó oṣù méjì báyìí. Ọyàn ò fúyẹ́ o, kẹ́nikẹ́ni má parọ́ fún yín, àmọ́ èjìká mi ti sinmi, abẹ́ ẹ̀ ń rí afẹ́fẹ́, mo kàn máa ń nù ún gbẹ dáadáa kí n tó wọ̀ ọ́ ni, èéyún yẹn ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ohun tí mi ò retí ni pé gbogbo aṣọ tí télọ̀ ti rán fún mi bàjẹ́! Ọyàn ti gòkè padà sí àyè ẹ̀, dáàtì tí télọ̀ ká sí ojú ọyàn wà nísàlẹ̀ ńbẹ̀ yẹn, aṣọ ẹbí méjì ni mo ti kó padà lọ fún un.

Wàhálà ibẹ̀ náà wà. Kò síbi tẹ́ ẹ ti máa dán an wò, ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó fún lọ kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ lé e lórí, ìró ni màmá fi ń bo èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e lọ, kò sí pààrọ̀. Àlòkù ni, ẹ fà á wò kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá rọ́bà ẹ̀ ti kú, ẹ sì rẹ ẹ́ sínú Dettol. Àwọn ọkùnrin tó ń fa ọwọ́ èèyàn lọ́jà yẹn ńkọ́? Dísẹ́ńbà 2018 làwọn obìnrin ṣe ìwọ́de níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fífọwọ́kanni yìí, ẹ má dá lọ. Ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè wá kọ́mú iléeṣẹ́ Panache tàbí Elomi tuntun, wọ́n ń ṣe sáìsì wa, àmọ́ owó ẹ̀ máa ta yín lójú.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Àárọ̀ tí màmá bá tú béèlì ni kẹ́ ẹ lọ, torí àwọn sáìsì ńlá kì í pọ̀ níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì rí 34FF dúdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ owó oṣù.