Ẹ ṣọ́ra o: ẹni tó ń ta àwòrán òṣèré Kabuki "ojúlówó" yìí, gbájúẹ̀ ni

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àwòrán òṣèré Kabuki, eré orí ìtàgé àtijọ́ ilẹ̀ Japan, bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí ọkùnrin náà. Ó polówó àwòrán òṣèré Ōtani Oniji tí ayàwòrán Sharaku yà ní 1794, èyí tó ranjú kankan, tó na ìka ọwọ́ méjèèjì láyà. Ó ní bàbá àgbà òun ló fi sílẹ̀ fún òun. Iye tó pè é kò ju owó fóònù kan lọ. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sá! Sharaku tó jẹ́ pé bí oṣù mẹ́wàá péré ló fi ṣiṣẹ́ kó tó pòórá, ta ni yóò ta ojúlówó rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú? Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ti wọ̀ mí.

Mo ní kó ya fótò ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ó ní inú férémù ló wà, pé ìwé náà lè ya. Mo gbà, mo fowó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì.

Nígbà tó dé, mo tú férémù. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, pákó igi ṣẹ́rì ni wọ́n máa ń gbẹ́, tí wọ́n á kun àwọ̀ sí, wọ́n á wá gbé washi, ìwé ìbílẹ̀ Japan, lé e, wọ́n á fi baren, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé lọ́wọ́, ra ẹ̀yìn ìwé náà. Àwọ̀ á mu dé ẹ̀yìn, ojú ibi tí baren gbà á sì hàn. Mo fi awò tí àwọn tó ń tún aago ṣe fi ń wo inú aago wo ojú àwòrán náà: tóótòòtóó bíi fótò inú ìwé ìròyìn. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ tó wà lẹ́yìn òṣèré náà nínú àwòrán, tó yẹ kó máa dán tí èèyàn bá gbé e síwá sẹ́yìn níbi ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ eérú lásán ni.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ojú baren nìkan. Àwọn oníṣọ̀nà Japan ti ń gbẹ́ pákó tuntun fi baren tẹ àwòrán àtijọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, iṣẹ́ gidi sì ni, bí ẹni tó ń tà á bá ti sọ pé àtúntẹ̀ ni. Ẹ fi ìlà rẹ̀ wé ti èyí tó wà ní British Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní London, fínnífínní, pàápàá irun àti ìka.

Ọkùnrin náà tún ń ta àwòrán kan tí ayàwòrán Kunisada yà, tó ní ọdún 1855 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, òǹtẹ̀ kiwame, ìyẹn òǹtẹ̀ àwọn tó ń yẹ àwòrán wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nìkan ló sì wà lára rẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1842!

Ó ti yí orúkọ padà báyìí, àmọ́ fótò kan náà ló ṣì fi ń polówó àwòrán Oniji náà: nínú fótò ọ̀hún, omi ti ba igun ìsàlẹ̀ àwòrán náà jẹ́ lọ́wọ́ òsì. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi kò ní àbàwọ́n kankan.