SR5, Limited, àbí Trail: 4Runner wo ló máa gun òkè abà?

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abà tó wà lókè Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọkọ̀ mẹ́ta ni ojú ọ̀nà yẹn ti bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀sì kékeré kan, dákẹ́ sínú ẹrẹ̀ lóṣù kẹfà pẹ̀lú àpò kòkó mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ lèmi àti ọmọ iṣẹ́ mi sùn mọ́jú. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ni mo ti pinnu pé jíìpù gidi ni mo máa rà, ì báà jẹ́ tòkúnbọ̀. Toyota 4Runner ló sì wà lọ́kàn mi, nítorí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ náà ló wà nínú Prado onílítà mẹ́rin, àwọn mẹkáníìkì wa láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù sì ti mọ̀ ọ́n tọwọ́-tẹsẹ̀. Ohun tí mi ò fura sí ni pé ọmọ ìyá mẹ́ta, SR5, Limited àti Trail, ló ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn, ìwà wọn ò sì jọra.

Èyí tí wọ́n ṣe láti ọdún 2010 títí dé 2024 ni mò ń sọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tàn yín jẹ. Ọ̀kan náà ni: V6 onílítà 4.0, agbára ẹṣin 270, gíà ọtọmátíìkì onípele márùn-ún. Àfi àwọn SR5 ọdún 2010 kan tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì kékeré lítà 2.7 sí, ẹ yẹra fún ìyẹn tí ẹ bá máa gbé ẹrù. Ẹni tó bá ní Limited lágbára ju SR5 lọ, ọjà ló ń tà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọ̀nà tí agbára yẹn ń gbà dé ilẹ̀, irú ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń rìn, àti ohun tí ẹ jókòó lé.

Limited ni mo kọ́kọ́ gbé. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ṣàgámù ní ti ọdún 2012. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún ń wá kiri? Irú tèmi ni kẹ́ ẹ rà, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti dé.” Ó fún mi lò fún ọjọ́ mẹ́rin. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọkọ̀ náà dára. Lọ́jọ́ tí mo gbé e láti Ṣàgámù bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, òjò ń rọ̀, omi dúró sójú títì márosẹ̀, ọkọ̀ náà ò sì yẹ̀ gẹ̀rẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ń fà nígbà gbogbo, ẹ ò ní gíà kankan tí ẹ máa fà kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì kan tí ẹ máa yí ló wà fún ìgbà tí ilẹ̀ bá le gan-an. Àga aláwọ, bọ́tìnnì tí ẹ máa tẹ̀ kí ọkọ̀ jí láìfi kọ́kọ́rọ́ yí nǹkan kan, rédíò JBL tó ń dún bí ẹni pé ẹgbẹ́ olórin wà lẹ́yìn yín. Bó bá jẹ́ pé ọjà Ìjẹ̀bú-Òde, ilé ìjọsìn àti Ojúde Ọba nìkan ni mo ń lọ, mi ò ní wo òmíràn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ara táyà rẹ̀. 245/60R20 ló wà lára Limited. 265/70R17 ló wà lára SR5 àti Trail. Mo ní kí ọmọ mi tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè bá mi ṣírò ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ó ní tẹ́ ẹ bá gbé àwọn méjèèjì dúró, gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó lé díẹ̀ ní mílímítà 800. Àmọ́ láti etí rìmù dé ilẹ̀, mílímítà 185 ni rọ́bà ti SR5, ti Limited ò ju 147 lọ. Irin ló gba ìyókù. Nínú oko, rọ́bà yẹn ló ń gba ìyà òkúta àti gbòǹgbò igi kí ìyà ọ̀hún má bàa dé ara rìmù. Lọ́jọ́ kẹta tí ọkọ̀ àbúrò mi wà lọ́wọ́ mi, gbòǹgbò kan tẹ rìmù ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Fọkanáísà tó wà ní Òkè-Ṣópẹ̀n wò ó, ó mi orí, ó ní òun ò ní táyà rìmù ogún lọ́wọ́, àfi kí n lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ni mo san owó rìmù náà, ó sì dùn mí torí pé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni.

Ohun kan tún wà lábẹ́ Limited tí mẹkáníìkì mi fi hàn mí. Wọ́n so ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ pọ̀ ní igun sí igun, ti iwájú ọ̀tún mọ́ ti ẹ̀yìn òsì, ti iwájú òsì mọ́ ti ẹ̀yìn ọ̀tún. X-REAS ni wọ́n ń pè é. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó pẹ̀sẹ̀ ní kọ́nà. Àmọ́ tó bá kú, owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín ju ti ṣọ́ọ̀kù lásán lọ fíìfíì. Mẹkáníìkì náà ní, “Màmá, ọ̀nà abà yín á jẹ ẹ́ láàárín ọdún kan.” Mo gbà á gbọ́, nítorí ó ti bá mi wọ ọ̀nà náà.

Bí mo ṣe kó ojú sọ́dọ̀ SR5 nìyẹn. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì pọ̀ jù lọ́jà. Ìyá Ìbejì tí a jọ ń ra kòkó ní ti ọdún 2011, àga rẹ̀ jẹ́ aláṣọ, kò ní afẹ́. Gíà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ńlá tí wọ́n kọ H2, H4 àti L4 sí. H2 ni ẹ máa lò lórí ọ̀dà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì nìkan ló ń fà. H4 fún ilẹ̀ tó ń yọ̀. L4 fún ibi tó burú jáì, níbi tí ọkọ̀ máa ti fi sùúrù àti agbára rìn. Ẹ má lo H4 lórí ọ̀dà gbígbẹ o, ó máa ń wọ́ àwọn irin abẹ́ ọkọ̀ lọ́rùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti Limited nìyẹn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ lù mí ní jìbìtì. Kì í ṣe gbogbo SR5 ni 4x4, ìyẹn èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà. Wọ́n ṣe èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń fà, tẹ́ ẹ bá sì wò ó láti ìta, ìbejì ni wọ́n. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní Èkó. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní, “Mọ́mì, gbogbo jíìpù tẹ́ ẹ rí níbí ni 4x4.” Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wo ẹ̀gbẹ́ gíà, kò sí gíà kékeré, pátákó lásán ló wà níbẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní ti ọkọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì mi tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì jáde: kò sí ọ̀pá kankan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ iwájú. A wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ (VIN), JTEZU ló fi bẹ̀rẹ̀. JTEBU ni ti 4x4 onílítà 4.0. Iye owó 4x4 ló sì ń pè fún mi! Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Owó tí èèyàn fi ọdún márùn-ún kó jọ, ká fẹ́ fi irọ́ gbà á.

Ìyá Ìbejì fún mi ní SR5 tirẹ̀ láti dán wò, 4x4 gidi ni ìyẹn. A kó àpò kòkó mẹ́fà sí i, kìlò 64 ni àpò kan. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lẹ́yìn odò kékeré tó wà lọ́nà abà wa, ilẹ̀ pupa tó máa ń yọ̀ bí ilá tí òjò bá ti pa á. Mo fi sí L4, mo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ A-TRAC sí, mo sì gun. Ìgbà àkọ́kọ́, ó padà sẹ́yìn. Ìgbà kejì ó gùn, ó ń kùn gùrùgùrù, nítorí iṣẹ́ A-TRAC ni pé kó máa fi bíréèkì di ẹsẹ̀ tó bá ń yí lásán mú, kí agbára lè kọjá sí èkejì. Inú mi dùn sí i gan-an. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ sóko ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, SR5 oní-4x4 tó. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ìbejì pé kó má pààrọ̀ tirẹ̀.

Trail tí mo rà, ti ọdún 2013 ni. (Láti 2017 ni wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ sí TRD Off-Road, tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, òun náà ni.) Ẹ ó rí ihò kan lórí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀, afẹ́fẹ́ kankan ò gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀ṣọ́ ni, ẹ má san owó nítorí rẹ̀. Ohun tí ẹ ń san owó fún wà lókè orí yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àjà. Mẹ́ta ni mo máa sọ nínú àwọn bọ́tìnnì ibẹ̀. Ọ̀kan fún irú ilẹ̀ tí ẹ wà, ẹrẹ̀ àbí òkúta. Ọ̀kan fún Crawl Control: ẹ máa gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí àtẹ̀mọ́ gbogbo, ọkọ̀ á máa fa ara rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ yín nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ló jẹ́ kí n ra ọkọ̀ náà, ìyẹn ni èyí tó ń ti díìfù ẹ̀yìn (irin tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì) pa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mẹkáníìkì mi ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Díìfù tí wọn ò tì, ẹsẹ̀ tó bá rọrùn láti yí ló máa ń fi agbára ránṣẹ́ sí. Ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀ ló sì rọrùn láti yí, torí náà á máa yí bí òòyì, èyí tó di ilẹ̀ mú á dúró jẹ́ẹ́. Tẹ́ ẹ bá tì í, ńṣe ló dà bí ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ okùn kan, ibi tí ọ̀kan bá lọ lèkejì ń lọ. Inú L4 nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti kúrò nínú ẹrẹ̀, torí ọkọ̀ ò ní fẹ́ yà kọ́nà.

Oṣù kẹsàn-án ni mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa. Àgbàrá ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Mo dé àárín rẹ̀ pẹ̀lú àpò mẹ́fà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì wọ inú kòtò tí àgbàrá gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fì lókè. A-TRAC kùn, kùn, kò kúrò. Ọmọ iṣẹ́ mi kígbe láti ìta pé, “Màmá, ẹ tẹ tòkè yẹn!” Mo tẹ̀ ẹ́. Iná rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú, mo sún ọkọ̀ síwájú díẹ̀, iná dúró. Ọkọ̀ náà gbéra jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní, láìkùn, láìfọ́n ẹrẹ̀, ó sì gùn dé orí òkè. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jókòó síbẹ̀, omijé sì bọ́ lójú mi, nítorí mo rántí òru tí a sùn sínú bọ́ọ̀sì.

Kì í ṣe pé Trail ò ní àléébù. Nígbà tí mo rà á, ohun tó ń ti díìfù pa yẹn ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó lò ó ṣáájú kò tẹ̀ ẹ́ rí, ó ti dógùn-ún síbẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mẹkáníìkì fi tú u, tó fọ̀ ọ́, tó sì tún wáyà rẹ̀ ṣe. Ní báyìí, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí mi ò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ti díìfù náà pa níṣojú yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Lójú ọ̀dà, ariwo táyà ju ti Limited lọ, ara rẹ̀ sì máa ń mì ní kọ́nà. Epo ńkọ́? Ó ń mu ún! Táńkì rẹ̀ gba lítà 87, ó sì ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá kún un. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń mu epo, ẹ má retí pé SR5 máa gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Aṣọ àga rẹ̀ wù mí ju awọ lọ, omi kì í tètè wọnú rẹ̀, òórùn kòkó sì ń lọ tí mo bá fi omi ọṣẹ nù ún. Gíláàsì ẹ̀yìn tó ń sọ̀ kalẹ̀ wọnú ilẹ̀kùn bùùtù wà lára gbogbo 4Runner, ibẹ̀ ni mo máa ń na ọ̀pá tí a fi ń já kòkó gbà.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti màmá mi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, ọkọ̀ náà sì ga fún wọn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, èèyàn méjì ló gbé wọn wọ̀ ọ́, wọn ò sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti bá wẹ́dà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ̀rọ̀, ó ń bá mi ṣe àtẹ̀gùn irin tó ṣeé tú, kí n lè máa yọ ọ́ tí mo bá ń lọ sí abà. Ọjọ́ Sátidé ló máa wá dè é.