Àwọn tó ń bá wa yẹ ẹ̀rọ olùbánisọ̀rọ̀ wò ṣáájú ìpàdé Zoom: ojú mi rí nǹkan

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Fídíò tí olùbánisọ̀rọ̀ wa kejì fẹ́ fi hàn láti ọ̀nà jíjìn kò mú ohùn kankan jáde. Ẹnu ń mì, a ò gbọ́ nǹkan kan. Kò tẹ "Share sound" tó wà nísàlẹ̀ ibi téèyàn ti ń yan ohun tó fẹ́ fi hàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó wa rí i. Kí ló wá ṣe? Ó kọ ọ́ sínú chat! Ta ní ń ka chat nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́? Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ẹnu sí i." Ó ní àwọn kì í já lu ọ̀rọ̀ olùbánisọ̀rọ̀, òfin iléeṣẹ́ nìyẹn. Èmi ni mo wá tan máìkì mi.

Mo pe ọ̀gá wọn. Ó ní, "Mà, olùbánisọ̀rọ̀ yín kọ̀wé sí wa pé àwọn ti múra tán." Ṣé ìwé ló ń gbé ohùn fídíò jáde ni? Ṣebí torí kí ẹnikẹ́ni má baà gba "mo ti múra tán" lásán la ṣe gbéṣẹ́ fún yín!

Àmọ́ ká má purọ́, ọmọbìnrin tó yẹ ẹ̀rọ Ọ̀jọ̀gbọ́n, olùbánisọ̀rọ̀ wa míì, wò mọṣẹ́. Bàbá ní ọjọ́ ti pẹ́ táwọn ti ń lo Zoom, kí wọ́n má wulẹ̀ da àwọn láàmú. Kò bá wọn jiyàn. "Ẹ má bínú sà, ẹ kàn jẹ́ ká rí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi hàn." Bí Bàbá ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, Mac wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà Apple, ní àwọn ò tíì fún Zoom láyè láti fi ojú kọ̀ǹpútà hàn. Wọ́n fún un láyè nínú Settings, ó tún ní àfi kí wọ́n pa Zoom kí wọ́n tún un ṣí. Ká ní níṣojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ńkọ́? Ọmọ náà tún ní kí wọ́n bọ́ earpiece Bluetooth etí wọn, kí wọ́n lo olókùn, torí bí máìkì rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, ohùn kì í sábà dára tó bó ṣe yẹ mọ́. Láàárọ̀ ìpàdé, ó tún pè láti béèrè bóyá kọ̀ǹpútà Bàbá ti gba update lóru. Ó ti gbà á lóòótọ́, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ dán wò. Ohùn Bàbá mọ́ gaara.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, torí ọ̀gá wọn ò tíì tọrọ àforíjì. Mo ti tún gbéṣẹ́ ìpàdé wa tó ń bọ̀ fún wọn ṣá o. Mo kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọmọbìnrin yẹn ni mo fẹ́, àti pé ẹni tó bá ní fídíò gbọ́dọ̀ ṣí i kí àwa náà gbọ́ ọ ṣáájú.